Ọjọ́ Mélòó Ni Ẹyìn Lò Kó Tó Dé Orí Iná?

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó epo pupa láti etíkun wa lọ sí Liverpool, orúkọ èbúté tí epo ti wá wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ fi ń dá iye lé e. Epo Èkó wà ní ipò iwájú. Epo Bonny àti ti Calabar náà kò kẹ̀rẹ̀. Epo Congo àti ti Saltpond, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, ló máa ń wà lẹ́yìn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín gbogbo rẹ̀ sí: epo rírọ̀ àti epo líle. Epo rírọ̀ máa ń tètè yọ́. Epo líle máa ń dì pọ̀ sínú àgbá, bí wọ́n tilẹ̀ mú un gbóná díẹ̀, kì í fẹ́ ṣàn bọ̀rọ̀.

Ọwọ́ tó ṣe epo ló fa ìyàtọ̀ yẹn jù. Níbi tí epo rírọ̀ ti ń wá, ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára wọn, wọ́n máa ń se ẹyìn, wọ́n á gún un, wọ́n á wá fi omi ya epo kúrò lára ìhá. Níbi tí epo líle ti ń wá, wọ́n máa ń da ẹyìn sínú kòtò, wọ́n á bò ó, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ gbọọrọ títí á fi rà, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà kejì yìí kò gba igi ìdáná, omi àti agbára tó bí ọ̀nà àkọ́kọ́ ṣe ń gbà á. N kò rí ìdí tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni bú àwọn tó yàn án, nítorí àwọn tó ń fi epo ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là ní Gẹ̀ẹ́sì ń ra méjèèjì.

Ohun tí àwọn oníṣòwò ìgbà náà fi ojú àti ọwọ́ mọ̀, a lè fi nọ́ńbà kan sọ ọ́ lónìí. Nọ́ńbà náà ni ìwọ̀n ásíìdì ọ̀rá tó ti já kúrò lára epo. Èmi gbà pé kò sí nọ́ńbà mìíràn tó kéré báyìí tó sì ń sọ ìtàn tó gùn báyìí nípa oúnjẹ wa. Ó ń sọ fún wa bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹyìn láti orí ọ̀pẹ títí dé orí iná. Ó sì dùn mí pé nínú ọ̀pọ̀ ọjà wa, kò sí ẹni tó ń kà á fún àwọn obìnrin tó ṣe epo náà.

Òòyà eléyín mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká ro òòyà kan tó ní eyín mẹ́ta péré. Ẹ̀yìn òòyà náà ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gílísẹ́rọ́ọ̀lù. Eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ásíìdì ọ̀rá. Òòyà báyìí tí kò lóǹkà ló wà nínú ẹ̀kán epo kan ṣoṣo. Ará Faransé kan, Michel Eugène Chevreul, ló la ọ̀rọ̀ yìí yé ayé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1823, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó fi ń tú ọ̀rá ẹran àti ọṣẹ wò. Nínú epo pupa, nǹkan bí 44% lára eyín òòyà wọ̀nyí ló jẹ́ ásíìdì palmitic, nǹkan bí 39% jẹ́ oleic, nǹkan bí 10% sì jẹ́ linoleic.

Epo tó dára ni èyí tí òòyà rẹ̀ ṣì pé eyín. Bí omi bá ráàyè wọ ibi tí eyín ti so mọ́ ẹ̀yìn òòyà, eyín á kán, á di ásíìdì tó dá dúró. Omi nìkan kì í tètè rí i ṣe. Ó nílò olùrànlọ́wọ́. Ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní láípéèsì ni olùrànlọ́wọ́ náà, inú ẹran ara ẹyìn gan-an ló sì ń gbé. Bí èso ẹyìn bá ṣì wà ní odindi, awọ tín-ín-rín ló wà láàárín láípéèsì àti epo, wọn kì í ríra. Bí wọ́n bá yọ epo inú èso tí ara rẹ̀ kò bó, tí wọ́n sì yára sè é, ásíìdì tó já nínú rẹ̀ kì í sábà tó 1%. Àmọ́ bí èso bá ti fara pa, awọ yẹn ya, láípéèsì bá epo pàdé, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá gún ẹyìn tútù láìsè é, tó sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ péré, á rí i pé epo náà ti kọjá ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbí ni àlàyé epo líle wà. Ásíìdì palmitic tó ti já kì í yọ́ àfi bí ooru bá tó nǹkan bí 63°C. Bó bá ti pọ̀ nínú epo, epo á máa dì. Àwọn oníṣòwò Liverpool ń fi ọwọ́ kan àgbá. Eyín òòyà tó ti kán ni wọ́n ń fọwọ́ kàn láìmọ̀.

Báwo ni ẹyìn ṣe ń fara pa? Ẹni tó bá ti dúró lábẹ́ ọ̀pẹ rí lásìkò tí wọ́n ń kọ ẹyìn mọ èsì rẹ̀. Ìdì ẹyìn á já láti òkè, á lu ilẹ̀ gbì, èso tó wà níhà ìsàlẹ̀ á fọ́. Wọ́n á gbé e jù sínú ọkọ̀, wọ́n á tún dà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, àáké. Èso ẹyìn tútù máa ń le mọ́ ìdì rẹ̀, nítorí náà wọ́n á la ìdì sí wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o jọ, wọ́n á fi ewé tàbí àpò bò ó fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí èso lè tú fúnra rẹ̀. Gbogbo àkókò yẹn ni láípéèsì fi ń ṣiṣẹ́. Ooru inú òkìtì náà ń ràn án lọ́wọ́, olú tó ń hù lára èso tó fọ́ sì ń mú láípéèsì tirẹ̀ wá.

Èmi kò ka èyí sí ọ̀lẹ rárá. Ìyá tó ń ṣe epo ní ìdí tó fi ń dúró. Bí èso kò bá tú, ọwọ́ ni wọ́n máa fi ṣa á láàárín ẹ̀gún, ẹni tí wọ́n bá sì gbà fún un á gba owó. Ẹyìn tó rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan lè má tó kún dúróòmù, ó sì ní láti dúró de ti ẹlòmíràn kí igi ìdáná má bàa ṣòfò. Ó lè jẹ́ pé kò tíì kàn án níbi ẹ̀rọ tí gbogbo abúlé ń lò. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fi dúró ń dín ìnáwó rẹ̀ kù, ó sì ń fi kún nọ́ńbà tí à ń sọ.

Iná ló ń fòpin sí i. Bí ooru bá ti wọ inú èso dáadáa tó sì kọjá nǹkan bí 60°C, láípéèsì á kú. Nínú ilé iṣẹ́ ńlá, ooru omi gbígbóná tó ń lọ sí nǹkan bí 140°C ni wọ́n fi ń se odindi ìdì ẹyìn fún nǹkan bíi wákàtí kan. Dúróòmù orí ààrò lẹ́yìnkùlé náà á ṣe iṣẹ́ yẹn pátá bí wọ́n bá jẹ́ kí ooru dé àárín. Lẹ́yìn sísè, ìbàjẹ́ tó kù máa ń rọra ni. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ásíìdì inú epo kan jẹ́ 3%, tí òmíràn jẹ́ 15%, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àáké àti iná.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú ti rí ìdajì ìmọ̀ yìí. Omi eérú tí wọ́n sẹ́ láti ara eérú èèpo kòkó ni wọ́n ń pò mọ́ epo tàbí àdí, tí wọ́n ń fi iná sí títí á fi di ọṣẹ. Òòyà tó pé eyín máa ń jà kó tó gbà fún omi eérú. Ó nílò iná, ó nílò àkókò. Ásíìdì tó ti já kì í jà rárá. Bí omi eérú tàbí kọ́sítíìkì sódà bá ti kàn án, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló ń di ọṣẹ. Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ìwọ̀n náà dúró lé. Nínú yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á máa kán kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n mọ agbára rẹ̀ sínú epo tí wọ́n mọ ìwúwo rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ásíìdì tó já á fi di ọṣẹ tán. Iye tí wọ́n bá lò ni yóò sọ iye ásíìdì tó wà níbẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti tán? Ohun èlò kan wà tó ń jẹ́ phenolphthalein, tí ará Jámánì kan, Adolf von Baeyer, kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1871. Bí ásíìdì bá ṣì wà, kò ní àwọ̀ kankan. Bí ásíìdì bá tán, tí ẹ̀kán kọ́sítíìkì kan ṣoṣo sì kù láìrí ẹni bá jà, gbogbo rẹ̀ á yí sí àwọ̀ òsùn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti dá ọwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Wọ́n wọn epo gíráàmù 5 sínú ìgò. Wọ́n da ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, nítorí omi lásán kò lè bá epo ṣọ̀rẹ́, ọtí ló lè fa ásíìdì náà jáde wá pàdé kọ́sítíìkì. Wọ́n kán phenolphthalein sí i. Wọ́n wá ṣí ẹnu búrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì gígùn tó ní àmì ìwọ̀n lára, tí kọ́sítíìkì sódà tó ní agbára 0.1 wà nínú rẹ̀. Mìlílítà 1 kọ́sítíìkì yìí máa ń sọ mìlígíráàmù 25.6 ásíìdì palmitic di ọṣẹ. Ká ní mìlílítà 7.8 ni wọ́n lò kí àwọ̀ tó yí. Ẹ fi 7.8 lọ́nà 25.6: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlígíráàmù 200. Nínú epo gíráàmù 5, 4% nìyẹn. Ká ní mìlílítà 25 ni wọ́n lò fún epo mìíràn, 12.8% nìyẹn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà ní kíláàsì kẹ́mísírì lè ṣe ìṣirò náà láìní kọ̀ǹpútà.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti máa ń bàjẹ́ kì í sábà jẹ́ ìṣirò. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni bí wọ́n ṣe ń bu epo. Epo pupa tó bá wà nínú kẹ́ẹ̀gì fún ìgbà díẹ̀ máa ń pín sí méjì: èyí tó ń ṣàn á wà lókè, èyí tó dì á lọ sísàlẹ̀, omi àti ìdọ̀tí á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fi ìgò bu ti òkè nìkan ti yan èsì rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ńṣe ló yẹ kí wọ́n yọ́ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n rò ó pọ̀ dáadáa, kí wọ́n tó bu èyí tí wọ́n máa wọ̀n. Bí dúróòmù bá pọ̀, kí wọ́n bu nínú dúróòmù púpọ̀, kì í ṣe èyí tí olówó rẹ̀ tì síwájú.

Ọtí náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ó máa ń ní ásíìdì díẹ̀ nínú, nítorí náà wọ́n ní láti kán kọ́sítíìkì sí i títí yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ kí epo tó wọ inú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ọtí á bọ́ sí ọrùn epo. Kọ́sítíìkì tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀ máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, agbára rẹ̀ á dínkù, ẹni tó bá sì gbà pé 0.1 ló ṣì jẹ́ á ka ásíìdì ju bó ṣe wà lọ. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló ń jẹ́ kí àwọ̀ òsùn náà parẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní bó bá ti dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, ó ti tó.

Ìṣòro tó kù jẹ́ ti epo pupa fúnra rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe máa rí àwọ̀ òsùn nínú ohun tó ti pupa látilẹ̀wá? Ó máa ń dá àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lágara, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tí kò tọ́ ti ń jáde. Ọtí fúyẹ́ ju epo lọ. Bí wọ́n bá mi ìgò tán tí wọ́n sì jẹ́ kó sinmi díẹ̀, ọtí á gòkè, ara ọtí yìí ni kí wọ́n ti wo àwọ̀. Àwọn mìíràn á dín epo tí wọ́n wọn kù, wọ́n á fi kún ọtí. Fún epo tí àwọ̀ rẹ̀ bá dúdú jù, àwọn yàrá àyẹ̀wò kan máa ń lo ohun èlò mìíràn tó ń jẹ́ Alkali Blue, tó ń kúrò ní búlúù bọ́ sí pupa.

Kọ́sítíìkì sódà lè jó awọ, ó sì lè fọ́ ojú, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kó ìdánwò yìí wọ ilé ìdáná níbi tí àwọn ọmọdé wà.

Ohun tí nọ́ńbà ń sọ

Nínú òwò àgbáyé, 5% ni òdiwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń kọ sínú àdéhùn epo pupa tí wọn kò tíì fọ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń rà á á yọ nínú owó. Ó nídìí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ń fọ epo, gbogbo ásíìdì tó já ni wọ́n gbọ́dọ̀ yọ kúrò, bó bá sì ti ń lọ ni epo gidi díẹ̀ ń bá a lọ. Àjọ Codex, tí FAO àti WHO jọ dá sílẹ̀ láti máa ṣètò òfin oúnjẹ fún ayé, máa ń kọ ọ́ lọ́nà mìíràn: mìlígíráàmù kọ́sítíìkì pọ́táṣì tí gíráàmù epo 1 máa gbà. Fún epo pupa tí wọn kò fọ̀, 10 ni òdiwọ̀n wọn. Bí a bá yí i padà sí ìdá ásíìdì palmitic, nǹkan bí 4.6% ni.

Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá fẹ́ fi epo kan wé èkejì. Fún epo pupa, palmitic ni wọ́n fi ń ṣírò. Fún epo ẹ̀pà, sóyà àti ólífì, oleic ni. Fún àdí àti epo àgbọn, lauric ni. Ìwúwo ásíìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba, nítorí náà mìlílítà kọ́sítíìkì kan náà á bí nọ́ńbà mẹ́ta. Epo ólífì tí wọ́n ń pè ní extra virgin kò gbọ́dọ̀ kọjá 0.8%. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé epo wa burú lójú tiwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láípéèsì inú ẹran ara ẹyìn lágbára púpọ̀, ó sì ń dúró de ọgbẹ́ àkọ́kọ́. Ìyá tó mú epo 3% jáde láti inú dúróòmù orí ààrò ti ṣe iṣẹ́ tó yẹ ká kan sáárá sí.

Nínú ìkòkò, ẹ lè rí nọ́ńbà náà láìní búrẹ́ẹ̀tì. Ásíìdì tó já máa ń gbéra di èéfín kí epo tó pé eyín tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń yọ́ epo fún ọbẹ̀ ayamáṣe mọ epo tó ń rú èéfín tó ń ta ojú àti imú kó tó tilẹ̀ gbóná dáadáa. Ó tún máa ń hó. Lẹ́nu, ó máa ń kan, ó sì máa ń họ ọ̀nà ọ̀fun lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e mì.

Ṣé ó ń pani? Ìbéèrè yìí tọ́ sí ìdáhùn tààrà. Ásíìdì tó já fúnra rẹ̀ kì í ṣe májèlé. Bí ẹ bá jẹ epo tó pé eyín, láípéèsì inú ìfun yín á kán eyín náà kó tó lè wọ inú ara. Ohun tó yẹ kó kọ wá lóminú ni ohun tó máa ń bá nọ́ńbà gíga rìn: èso tó ti hu olú, omi tó kù nínú epo, ìdọ̀tí, àti epo tí yóò tètè bàjẹ́ sí i. Nọ́ńbà gíga jẹ́ ẹ̀rí nípa ìtọ́jú, òun fúnra rẹ̀ kọ́ ni àrùn.

Àwọn nǹkan tó ṣe pàtàkì tún wà tí kò lè sọ rárá. Kò lè sọ bóyá afẹ́fẹ́ àti oòrùn ti ba epo jẹ́. Ìdánwò mìíràn ló ń wá ìyẹn, Codex sì fi ìdiwọ̀n 15 sí i fún epo tí wọn kò fọ̀, àti 10 fún èyí tí wọ́n ti fọ̀. Kò lè rí aró. Sudan IV, aró tí kò yẹ kó wọ inú oúnjẹ, ni àwọn oníjìbìtì kan ń pò mọ́ epo kó lè pupa rẹ́súrẹ́sú. Lọ́dún 2015, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Gánà kéde pé àwọn rí i nínú epo pupa ní ọjà. Epo tí wọ́n pò ó mọ́ lè gba 3% kó sì dàbí èyí tó mọ́. Bákan náà, epo tí ilé iṣẹ́ ti fọ̀ kì í sábà ní tó 0.1%, torí wọ́n ti yọ ásíìdì rẹ̀ dànù. Ibi tó ti wá kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ẹyìn rírà àti ẹyìn tuntun lè jáde pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Epo pupa tí à ń jẹ nílé, tí kò dé ilé iṣẹ́ ìfọ̀ rí, ni nọ́ńbà yìí ti ń sọ òtítọ́ jù.

Ẹni tó yẹ kí owó kàn

Àyẹ̀wò epo fún òkè òkun kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìpele ni wọ́n pín epo Nàìjíríà sí, ásíìdì tó já ló sì ń pinnu ìpele náà. Ìpele kìíní lè gba tó 9%. Irú epo yẹn dára fún ọṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe bọ́tà àtọwọ́dá ní Yúróòpù fẹ́ èyí tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1949, wọ́n dá ìgbìmọ̀ tó ń ra epo àti ekùrọ́ jákèjádò Nàìjíríà sílẹ̀. Lọ́dún 1950, wọ́n ṣe ìpele tuntun tí wọ́n pè ní àkànṣe, tí kò gbọ́dọ̀ kọjá 4.5%, wọ́n sì fi owó tó ju ti ìpele kìíní lọ sí i.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló wù mí kí gbogbo ẹni tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ rántí. Nígbà tí ìpele náà bẹ̀rẹ̀, epo tó yẹ fún un kò tó nǹkan. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti gba ipò ńlá nínú gbogbo epo tí ìgbìmọ̀ ń rà. Ẹ̀rọ ìfúnpo tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí àti àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Pioneer dá sí i, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú epo náà ló wá láti ọwọ́ àgbẹ̀ àti obìnrin tó kàn tètè se ẹyìn wọn torí wọ́n rí owó nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé àwọn aṣepo wa kò fẹ́ yí ìwà padà, kó lọ wo àwọn ọdún yẹn. Wọ́n yí i padà kíákíá nígbà tí ẹnìkan wọ̀n iṣẹ́ wọn tó sì san owó iṣẹ́ náà.

Lóde òní, ilé iṣẹ́ tó ń ra epo láti fi ṣe ọṣẹ, bisikíìtì tàbí nudù ń wọ̀n ọ́n lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì lè dá ọkọ̀ epo padà. Àwọn alágbàtà tó kó epo náà lọ mọ nọ́ńbà rẹ̀. Ìyá tó ṣe é kì í mọ̀ ọ́n. Lọ́jà abúlé, àwọ̀, òórùn àti ìtọ́wò ni wọ́n fi ń nájà, kẹ́ẹ̀gì kan sì ni kẹ́ẹ̀gì kan. Ẹni tó gba èèyàn méjì láti ṣa ẹyìn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, tó sì ra igi ìdáná lọ́jọ́ kan náà, iye kan náà ló ń gbà pẹ̀lú ẹni tí ẹyìn rẹ̀ ti wà lábẹ́ ewé fún ọjọ́ mẹ́fà. Kí ni a rò pé yóò ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Mo ka èyí sí ìrẹ́jẹ, kò sì gba owó gọbọi láti tún un ṣe. Òṣùwọ̀n kékeré kan, búrẹ́ẹ̀tì kan, ìgò díẹ̀, ọtí, kọ́sítíìkì tí wọ́n ń yẹ agbára rẹ̀ wò déédéé, àti ọ̀dọ́ kan tó ti kọ́ kẹ́mísírì: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn aṣepo lè kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹkù. NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí Benin, ti wà láti ọdún 1939. Ìmọ̀ iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa.

Bí irú yàrá bẹ́ẹ̀ bá wà, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n wọn epo nígbà méjì: lọ́jọ́ tí wọ́n fún un, àti lọ́jọ́ tí wọ́n máa tà á. Epo máa ń pọ̀ lọ́jà láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, owó rẹ̀ á wálẹ̀, ẹni tó bá ní agbára á kó o pa mọ́ títí ọdún á fi ń lọ sópin. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn, omi tó kù nínú epo ló ń pinnu. Bó bá kéré sí 0.2%, tí dúróòmù mọ́ tí ìdérí rẹ̀ sì le, ásíìdì rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbéra. Bí omi àti ìdọ̀tí bá wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni olú á ti máa jẹun, epo tó wọlé ní 4% á sì jáde ní ohun tí ẹni tó ṣe é kò ní dá mọ̀ mọ́. Kí wọ́n tún epo gbé kaná lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ré e kúrò lójú omi, kí wọ́n jẹ́ kó máa hó títí ariwo omi á fi dákẹ́ nínú rẹ̀, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì dà á sínú dúróòmù tó gbẹ.